Àparò Tó Dá Ìyá Aránṣọ Padà

Kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ lọ́dún náà tí kò gbọ́ pé ó fẹ́ gun òkè. Bó ti ń wọn ìgbáròkó wọn ló ń fọ́nnu. Ó tiẹ̀ ti kan ìṣó mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, níbi tó máa fi fọ́tò ara rẹ̀ ní téńté òkè kọ́. Dókítà sì ti sọ ojú abẹ níkòó: orúnkún rẹ̀ kò ní gba òkè gígun mọ́ lẹ́yìn èyí.

Nígbà tí wọ́n gbéra, ọkọ rẹ̀ ló ru àgọ́. Wẹ́dà ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nílé, ìyàwó rẹ̀ ni aláriwo, àmọ́ nínú igbó, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tan rédíò. Ó so oúnjẹ wọn rọ̀ sórí igi, ó ṣa gbogbo èérún búrẹ́dì.

"Àlejò ni wá níbí o. Àbí ẹ fẹ́ kí ọ̀bọ tara wa kọ́ olè jíjà?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé téńté, níbi tí ọ̀nà ti há sáàárín àpáta, ni Ìyá Aránṣọ dúró gbọnin. Àparò kan sàba lé ẹyin létí ọ̀nà gan-an. Kannakánná ń fò yípo lókè.

"Jẹ́ ká yára kọjá," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Tá a bá kọjá, á fò. Kó tó padà, kannakánná á ti jẹ ẹyin rẹ̀ tán."

"Orúnkún rẹ ńkọ́? Ìṣó ńkọ́?"

Ó gbójú sókè wo téńté náà. Ó dùn ún wọra, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Abiyamọ ni, Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká padà."

Wọ́n rọra fẹ̀yìn rìn sísàlẹ̀. Nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti yà á ní fọ́tò.

Fọ́tò náà ló wà lórí ìṣó báyìí. Oníbàárà kan wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, òkè ló wà lẹ́yìn yín yẹn! Ẹ ò mà débẹ̀! Nítorí àparò lásán?"

Wẹ́dà, tó ń tún ẹsẹ̀ àga ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù, gbé irin sílẹ̀. "Àìmọye èèyàn ló ti dé téńté yẹn," ó ní. "Ìyàwó tèmi ló padà."

Orí Ìyá Aránṣọ wú. Ó na téèpù, ó ní kí oníbàárà náà nàró dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn àparò láti ìbẹ̀rẹ̀.