Mùsíyé, Onígbàjámọ̀ Tí Kò Fẹ́ Kí Èdè Sá Mọ́ Òun Lọ́wọ́

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ọlọ́pàá tó sáré jáde ní ṣọ́ọ̀bù Mùsíyé tòun ti irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan. Ọlọ́pàá náà jókòó pẹ̀sẹ̀, ọṣẹ ń hó ní àgbọ̀n rẹ̀. Mùsíyé ti fá apá ọ̀tún tán, ó gbé abẹ lé e lọ́nà ọ̀fun, ó wá fi èdè Faransé bi í pé ìyàwó rẹ̀ ńkọ́. Ọlọ́pàá ò lè mi orí, kò lè gbé itọ́ mì, ojú nìkan ló ń ṣẹ́.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, mo kí yín," ni Mùsíyé wí, abẹ ò kúrò níbi tó wà. "Bí wọ́n bá kí èèyàn, à á dáhùn ni."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó pín ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Aránṣọ, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó di ojú. Ó ní Olúwa, bí ọwọ́ ọkọ òun bá máa yẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ lórí ọlọ́pàá.

Bí Mùsíyé ṣe gbé abẹ kúrò pé kó nù ún, ọlọ́pàá fò dìde, ó sá jáde, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan wà láàárín àwọn onígbàjámọ̀ àdúgbò náà: ẹnì kan kì í parí irùngbọ̀n tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Ó yí gbogbo òpópónà po, ibi tó bá dé, wọ́n á ní kó padà síbi tó ti wá. Ó padà. Nígbà tó fi máa jáde, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó sì ti lè fi Faransé tó já gaara sọ pé ara ìyàwó òun le. Àpọ́n sì ni.

Àwọn oníbàárà yòókù kọ́gbọ́n. Káfíńtà ìtòsí máa ń há ìdáhùn sórí lójú ọ̀nà, bí ẹlẹ́rìí tó ń lọ sí kóòtù. Lọ́jọ́ tí Mùsíyé yí ìbéèrè padà, tó bi í bóyá òjò máa rọ̀, káfíńtà dáhùn wàrà pé òjò wà dáadáa, ó sì ń kí i.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé orí rẹ̀ ti fẹ́ yí ni. Ìyá Aránṣọ mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ́kọ sókè òkun, ọmọ tó bí síbẹ̀ ò sì gbọ́ èdè mìíràn ju Faransé lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fóònù fún ọmọ náà, ó rọ̀jò ọ̀rọ̀, bàbá àgbà rẹ̀ sì ń fèsì pé "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n" bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. Ni bàbá bá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì Faransé ìrọ̀lẹ́, láàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ. Ó kọ́ ọ, ó yege, àdúgbò sì sọ ọ́ ní Mùsíyé, ìyẹn "ọ̀gbẹ́ni" lédè Faransé. Ó wá di pé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, òun àti ọmọ náà á takùrọ̀sọ, Ìyá Aránṣọ á sì jókòó tì í, á máa retí kí wọ́n ṣe ògbufọ̀ fún òun náà.

Àfi bí olùkọ́ ṣe kó lọ sí ìlú mìíràn, tí kíláàsì sì túká. Mùsíyé ní èdè àjèjì dà bí àlejò: bí onílé ò bá bá a sọ̀rọ̀, á dìde, á máa wá bàtà rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ ọ́ sí dígí, sí òòyà, sí ẹnikẹ́ni tí ọrùn rẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ abẹ. Lówùúrọ̀, kó tó kí ìyàwó rẹ̀, á kọ́kọ́ pe orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá, bí ẹni ń ka adìyẹ lẹ́nu àgò, pé kí òun mọ̀ bóyá wọ́n pé.

Lọ́jọ́ kan, ó dé orí àtàǹpàkò, ọ̀rọ̀ ò wá. Ó na ìka náà sókè, ó tẹjú mọ́ ọn, òógùn bò ó.

"Ó ti lọ," ló wí. "Ìyá ọmọ mi, ọ̀kan ti lọ. Àwọn tó kù á tẹ̀ lé e."

"Bàbá, ta ló fẹ́ bi yín ní àtàǹpàkò?"

"Bí ọmọ yẹn bá bi mí ńkọ́?"

Jìnnìjìnnì náà ran ìyàwó. Ó ní kí wọ́n gbàdúrà. Mùsíyé gbà, ṣùgbọ́n Faransé ló fi gbà á, tọwọ́ tẹsẹ̀, pẹ̀lú omijé. Ìyá Aránṣọ, tí kì í ṣahun àmín, wá ń ronú kó tó ṣe é. Ta ló mọ̀ bóyá ìyàwó kejì ló ń tọrọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Mùsíyé dé ọsibítù. Ó la ojú, Faransé ló ń sọ, kò sọ èdè tí ìyá rẹ̀ bí i sí mọ́. Nọ́ọ̀sì fẹ́ sáré pe dókítà pé aláìsàn ti ń ṣe ìrànrán. Ìyá Aránṣọ tẹ etí sí i lẹ́nu.

"Kì í ṣe ìrànrán, nọ́ọ̀sì. Ó ní ìrọ̀rí yìí le, kí ẹ sì bá òun ti fèrèsé."

"Àṣé ẹ gbọ́ Faransé, Mà?"

"Faransé kẹ̀? N ò gbọ́ ọ o. Ọkọ mi ni mo gbọ́."

Mùsíyé ò jáde níbẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin wọn wá sin ín, ó sì padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, fóònù dún lórí tábìlì. Ìyá Aránṣọ mọ ẹni tó ń pè. Ó ń wò ó bí ẹni rí ejò. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé e tí òun ò rí nǹkan sọ, ọmọ náà á tún pè lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kò ní pè mọ́, òun á sì pàdánù àwọn méjèèjì. Fóònù dákẹ́. Ó tún dún. Ó gbé e.

Ohùn kékeré kan bi í ní ìbéèrè. Ohun tó já a láyà jù ni pé ó yé e. Ọmọ náà ń bi í bóyá bàbá àgbà rí ẹni tí yóò máa bá a sọ Faransé níbi tó lọ.

Ìyá Aránṣọ ṣa ọ̀rọ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ yàrá. Ó ní Ọlọ́run gbọ́ ọ. Ó ní wọ́n ti jọ ń sọ ọ́.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń sọ ọ́, ó sì tún un sọ fún un, díẹ̀díẹ̀. Ìyá Aránṣọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún un sọ. Ọmọ ní ó kù díẹ̀. Ó tún un sọ.