Wọ́n Di Mọ́ọ̀pù Mú

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni Màmá wa ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pátápátá ni tiwọn, pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lópin rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn ni pé àwọn lè nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́, kí olùkọ́ kankan má sì yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Bàtà rọ́bà ni wọ́n ń wọ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé ilẹ̀ tutù, Màmá ti kọjá nìyẹn.

Ibi iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi rán mi lọ kọ́ irun dídì, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn gan-an náà ni àbúrò mi obìnrin ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù. Akọ̀wé la máa ń pè é nílé, torí pé láti kékeré, kò sí ohun tí èèyàn máa sọ lójú ẹ̀ tí kò ní wá ibi kọ ọ́ sí. Èmi ní tèmi, ẹnu ni mo ní. Ẹ bi àwọn oníbàárà mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọdún tí Akọ̀wé máa jáde, wọ́n ní kí wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fíìmù kékeré kan tó ń bani lẹ́rù. Ọ̀wọ́ wo ló bọ́ sí? Òun pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Òun ló máa kọ ìtàn, ẹnì kan máa mú kámẹ́rà, ẹnì kejì tí gbogbo wọn ń pè ní Olùdarí ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ìtàn tí Akọ̀wé kọ rọrùn. Òjò ń rọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ há sí òkè pátápátá, iná lọ, nǹkan kan tí a kò rí sì ń fà wọ́n wọ inú òkùnkùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tó ti ń fọ́nnu látàárọ̀ ni ẹ̀rù wá bà jù. Ẹni tó gbà wọ́n sílẹ̀ ni obìnrin tó ń nulẹ̀ ibẹ̀, torí òun nìkan ló mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn, òun nìkan sì ni kò sá.

Màmá nìyẹn. Ọmọ náà kọ ìyá rẹ̀ sínú fíìmù.

Nígbà tó sọ ìtàn náà fún Màmá, ẹ̀rín pa wọ́n títí omijé fi bọ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń nulẹ̀ ti gbọ́. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, ọ̀rẹ́ wọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì láàárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní òṣèré. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wá ń wá yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fi ṣe eré, Màmá ni wọ́n lọ gba ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n tún fi tiwọn kún un. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi yunifọ́ọ̀mù tó pọ̀ tó báyìí ṣe nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ olùnulẹ̀ kan ló wà nínú ìtàn. Wọ́n ní kí n yé bèèrè ìbéèrè, pé fíìmù ni, wọ́n máa ń ní ìpààrọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ya fíìmù náà ni ibà dá Akọ̀wé dùbúlẹ̀. Kò lè dìde, ká má tíì sọ pé ó ń lọ wo bí wọ́n ṣe ń yà á. Ìgbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n ti yà á tán, wọ́n ti tò ó pọ̀, wọ́n pè é kó wá wò ó. Láti ibẹ̀ ló ti gba ṣọ́ọ̀bù mi wá. Mo ń dirí lọ́wọ́. Kò kí mi, kò kí oníbàárà.

"Wọ́n ti sọ Màmá di òkú," ló wí. "Kì í tilẹ̀ ṣe òkú kan. Òkú rẹpẹtẹ."

Oníbàárà mi fò dìde tòun ti ìdajì orí, mo fà á jókòó. Akọ̀wé wá na ìwé eré sí mi, ó fìka sí ibì kan. Mo kà á: "Olùnulẹ̀ yọ lókèèrè. Wọ́n di mọ́ọ̀pù mú. Wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó figbe ta, ó ṣubú."

Ẹ̀yin náà, ẹ kà á. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Màmá ni "wọ́n". Ṣé kó wá kọ "ó" fún ìyá tó bí i lọ́mọ ni? Ọkùnrin afọ́nnu yẹn ni "ó". Ẹ̀rù bà á, ó figbe ta, ó ṣubú, Màmá sì ń bọ̀ wá gbà á. Àmọ́ àwọn ọmọ yìí kà á, kò sì wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn pé èèyàn lè sọ "wọ́n" fún ẹyọ obìnrin kan tó ń nulẹ̀. Lójú tiwọn, bó bá ti jẹ́ "wọ́n", á jẹ́ pé wọ́n pọ̀ nìyẹn. Ìyẹn ni yunifọ́ọ̀mù ṣe pọ̀. Bí wọ́n bá sì pọ̀, tí wọ́n di igi mú, tí wọ́n ń bọ̀ nínú òkùnkùn, àwọn gan-an ni nǹkan tí a kò rí yẹn. Ẹni tó wá figbe ta ńkọ́? Wọ́n ní obìnrin ni, àbí ta ló tún ń figbe ta nínú fíìmù?

Inú bí mi débi pé mo fa irun oníbàárà mi jù. Ó ní ṣé òun ni mo ń bá jà.

Ọjọ́ kejì, mo lọ bá Olùdarí ní yàrá kótópó tí wọ́n ti ń to fíìmù, wáyà kún ilẹ̀, fèrèsé wà ní títì. Mo ti di ìbínú mi bí ẹrù wá, ọmọ náà wá kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi, ó ń pè mí ní Àǹtí. Ó ní ẹjọ́ òun kọ́, pé àwọn méjèèjì làwọn kà á, bó sì ṣe yé òun náà ló yé ẹnì kejì òun, àwọn kò tilẹ̀ jiyàn lé e lórí.

Mo ní, "Olùkọ́ kan wà nínú eré yìí. 'Wọ́n' náà ni Akọ̀wé kọ fún un. Èèyàn mélòó lẹ fi ṣe é?"

"Ẹyọ kan, Àǹtí."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi mẹ́wàá ṣe é?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. "Olùkọ́ mà ni wọ́n, Àǹtí," ló wí.

Kò fi bú mi o. Kò ní ibi lọ́kàn rárá, ohun tó ká mi lára jù nìyẹn. Ká ní ó rí mi fín ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe fún un. Ó ní kò sí bí àwọn ṣe lè tún un yà mọ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa fi han gbogbo èèyàn. Ó ní tí Akọ̀wé bá fẹ́, òun lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí orúkọ, kò sí máàkì. Bí kò bá sí máàkì, kò jáde nìyẹn, tòun ti gbogbo ilẹ̀ tí Màmá ti nù nítorí ẹ̀.

Ó wá kù ká sọ fún Màmá kí wọ́n má lọ. Akọ̀wé ní òun ò lè sọ ọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀, ẹnu kì í wọ́n mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀ náà, Màmá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi kí n dirí fún wọn, torí fíìmù náà ni. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. Mo ya irun, mo dì í, mo tún tú u. Ìgbà tó yá, mo ní, "Màmá, wọ́n mà ti yí fíìmù yẹn padà díẹ̀ o."

Wọ́n ní, "Ṣé mo ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní wọ́n wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó tán," wọ́n sì tẹ orí síwájú kí n lè rí ìpàkọ́ dì.

Ìlà iwájú ni Màmá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jókòó sí ní gbọ̀ngàn, gbogbo wọn múra. Nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè yọ, Màmá fi ìgùnpá gún Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kó wo bí ilẹ̀ àwọn ṣe ń dán. Lẹ́yìn náà iná lọ nínú fíìmù. Àwọn ọmọkùnrin tó kun àtíkè funfun sójú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kùn hùn-ùn hùn-ùn, mọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọ̀kan wọ aṣọ tí wọ́n lẹ̀ ní ìgùnpá.

"Aṣọ mi nìyẹn," Màmá wí, inú wọn sì dùn.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọ aṣọ àwọ̀sùn, ẹ má bi mí pé kí ló gbé aṣọ àwọ̀sùn dé ilé-ẹ̀kọ́, ó figbe ta títí ohùn fi há. Olùkọ́ tó so táì jáde, ó ṣàlàyé pé àwọn olùnulẹ̀ tó ti kú tí ẹnikẹ́ni kò fura ni wọ́n, pé ẹ̀san ni wọ́n ń wá. Afọ́nnu wa ló wá di akọni. Ó gba mọ́ọ̀pù kan, ó fi ń là wọ́n mọ́lẹ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń ṣubú ni gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́. Aṣọ Màmá ló ṣubú gbẹ̀yìn. Òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù.

Nígbà tó tán, olùkọ́ wọn dìde, ó ní fíìmù yìí ti gbẹnu sọ fún àwọn tí àwùjọ kì í rí. Mo fẹ́ dìde, Akọ̀wé di ọwọ́ mi mú. Wọ́n wá ní kí ẹni tó kọ ìtàn jáde síta. Ó jáde, ó dojú bolẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ wọn.

Nígbà tí a délé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Akọ̀wé," ni wọ́n wí, "èwo ni èmi nínú wọn?"

Akọ̀wé ti ń sunkún. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni gbogbo wọn, Màmá. Ẹyọ yín ni mo kọ. Ọ̀wọ̀ ni mo fi kọ 'wọ́n', wọ́n rò pé èrò ni."

"Ò bá ti kọ 'ó'," ni Màmá wí. "Wọn ì bá mọ̀ pé èmi ni."

Akọ̀wé jáde, ó gba máàkì tó dáa. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ fíìmù náà, nígbà tí Màmá yọ ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú mọ́ọ̀pù lọ́wọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ké yéè, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni. Wọ́n tún bẹ Màmá. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, Màmá kì í yà ní kọ̀rọ̀ kankan láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ wúkọ́, wọ́n á sì kanlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀ kí wọ́n tó wọ ibẹ̀ lọ fọ̀ ọ́.

Lánàá, èmi àti Akọ̀wé wà ní kíṣìnì, a gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní, "Màmá, ilé yín mà nìyí." Wọ́n ní àwọn mọ̀, pé àwọn ò kàn fẹ́ kẹ́rù bà wá ni.