Ata Inú Ìgò Kékeré

Ọ̀bẹ ti wà lọ́rùn Bọ̀dá kí n tó gbójú sókè. Àwa méjèèjì la jọ ń di ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan ní Damastown, láyé ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ ní Dublin. Ohun tí wọ́n yọ lára ewé, èèpo igi àti gbòǹgbò là ń kó sínú ìgò tíntìntín fún àwọn olùwádìí ní yunifásítì. Páúdà funfun ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó dájú pé ẹnì kan ti lọ sọ̀rọ̀ páúdà yìí níbi tí kò yẹ.

Ọ̀sán gangan ni, ilẹ̀kùn ẹrù sì ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí ló gbabẹ̀ wọlé, ó ti la Bọ̀dá mọ́ ògiri, imú wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní kí n mú kokéènì wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gé wọn lọ́fun. Inú bí mi. Bọ̀dá tó máa ń gbé mi lọ sílé ní Clonsilla bí òjò bá ń rọ̀!

Ó fúnra rẹ̀ já ìgò kan gbà lórí tábìlì. Ògidì iná inú ata, ohun tó ń mú kí ata máa ta ènìyàn, ló wà nínú ìyẹn, ó sì funfun bíi tàwọn yòókù.

“It's pepper o! Abeg, leave am!” ni mo kígbe.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi eyín ṣí ìdérí, ó fà á símú.

Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀bẹ ha Bọ̀dá lọ́rùn kó tó bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo kọ́là wọn. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ tó kan páúdà nu ojú, ló bá ń yí nílẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀. Mo gbé àga, mo là á mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo tún là á mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ mi, kí n má parọ́.

“Ó tó! Ṣé o fẹ́ pa á ni?” Bọ̀dá di ọrùn wọn mú. “Omi ò lè fọ ata yẹn kúrò lójú rẹ̀. Lọ mú mílíìkì tí a fi ń po tíì wá, jàre.”

“Ẹni tó fẹ́ pa yín, Bọ̀dá?”

“Mo ní kó o mú un wá!”

Mo mú un wá pẹ̀lú èpè lẹ́nu. Bọ̀dá kúnlẹ̀, wọ́n gbé orí olè náà lé itan, wọ́n ń da mílíìkì sí i lójú, ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà ń kán sí i lára. Nígbà tó yá, ó la ojú kan díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wọ́ lọ sídìí ọ̀bẹ nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún Bọ̀dá.

Mo fi bàtà iṣẹ́ mi tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí egungun dún. Bọ̀dá kò wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ń da mílíìkì lọ.