Ọparun Létí Sàréè

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí tí a padà sí Onitsha, Odò Ọya ti jẹ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa dé ìtòsí sàréè bàbá ọkọ mi. Ibẹ̀ ni a sin wọ́n sí ṣáájú ogun, nítorí àwa kì í gbé òkú àgbà jìnnà sílé. Ọkọ mi ní kí a hú egungun wọn lọ sí Ìlàjẹ, ìlú wọn. Ìyá rẹ̀ yarí kanlẹ̀.

“Ṣé ẹrù ọjà ni bàbá yín, tí ẹ fẹ́ máa dì kiri? Mo mọ ohun tí ń mú ilẹ̀ dúró létí omi.”

Ẹ̀gbà ni Ìyá mọ̀, igi etí òkun tí gbòǹgbò rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ alákàn. Òun ló di etí omi mú ní ìlú wọn. Wọ́n rìnrìn àjò dé Ìlàjẹ, wọ́n kó ọ̀dọ́ ẹ̀gbà sínú agbọ̀n bọ̀, wọ́n sì gbìn ín. Owó epo rọ̀bì ti ń pa ìlú bí ọtí nígbà náà; gbogbo ẹni tó rí já jẹ ló ń rọ sìmẹ́ńtì, ìyá wa ń tẹ ẹrẹ̀.

Òjò dé. Omi òkun tó mọ́ ẹ̀gbà lára a máa wọlé, a sì tún máa jáde lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí Odò Ọya bá kún, ó di ẹ̀ẹ̀rùn kó tó fà. Gbogbo ẹ̀gbà náà rà sábẹ́ omi, odò sì tún bu ilẹ̀ jẹ.

Aládùúgbò wa, obìnrin Igbo kan tí wọ́n bí sétí odò yìí, wá wò ó.

“Mama, dis one no be salt water o. Na bamboo dey hold am.”

Mo rò pé Ìyá máa gbaná jẹ. Àgbà tí ohun tó gbìn kú lójú gbogbo àdúgbò! Wọ́n kàn fi èdè rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ ìyá, “Nwanne m, daalụ,” wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọparun kiri. Wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé, wọ́n se ọbẹ̀ ẹja tó ta lẹ́nu, àwọn aládùúgbò sì ya wá bá wọn gbìn ín. Jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń bomi rin ín. Mo fẹ́ràn ìyá ọkọ mi yẹn: olórí kunkun ni wọ́n, ṣùgbọ́n orí kunkun wọn kò di etí wọn.

Nígbà tó yá, omi gbé ilẹ̀ lọ lọ́tùn-ún lósì wa. Tiwa dúró.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Ìyá papò dà. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni wọ́n ti ní kí a sin àwọn sí. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ gbé ọkọ́ sókè, ọkọ́ ta padà. Gbòǹgbò ọparun ti gba gbogbo abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pòṣé, ó ní ṣé kò sí ibòmíràn ni. Mo ní kó lọ mú àdá wá, kó rọra gé e. Mo ń sunkún, inú mi sì ń dùn pé ilẹ̀ yẹn le.