Ta Ló Ń Pa Kátọ́ọ̀sì Mi?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí nínú kọ́ńpáùn wa ní Kotobabi, nílùú Accra yìí. Ọpẹ́ ló gbẹ̀yìn ẹ̀, àmọ́ ìtìjú ló kọ́kọ́ wá!

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, ara mi yá, ọkàn mi ni ò yá. Mo lè jókòó ti ọmọ kí n kàn máa sunkún, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣé ó ti ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí?

Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan gé kátọ́ọ̀sì mẹ́fà wá fún mi, ìyẹn ewéko ẹlẹ́gùn-ún tó rí pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Mo kọ ebè kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí oòrùn ti ń ta dáadáa, mo gbìn wọ́n síbẹ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń pọn ọmọ lọ wò wọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, àwọn ẹlẹ́gùn-ún yẹn ló ń fà mí jáde nínú yàrá!

Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ìdí wọn rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ọ̀kan ṣubú, òmíràn ṣubú. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ o, èmi fúnra mi kì í sì í bomi rin wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ méjì. Nígbà tí ìkẹrin lọ, mo bú sẹ́kún. Tí méjì tó kù bá tún lọ, kí ni màá máa jáde lọ wò?

Ni mo bá di ẹ̀bi ru Auntie Esi, ará Gánà tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, torí ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ. Mo ní omi ọṣẹ wọn ló ń pa nǹkan mi.

Auntie ju aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀! Èdè Twi ni wọ́n fi dá mi lóhùn, ó sì yé mi yékéyéké, torí Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí: "Ei, Alata! Èmi? Ṣé èmi ni mò ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́? Lọ bi bàbá ọkọ rẹ!"

Bàbá ọkọ mi, Alhaji, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa! Òótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ebè yẹn ni wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, àmọ́ mo rò pé inú gọ́tà lomi ń lọ. Lásìkò Àlàásárì, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. Bàbá fọ ẹsẹ̀ tán, wọ́n wá rọra da omi tó kù nínú búta sídìí kátọ́ọ̀sì mi, wọ́n tún ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Ẹ mu, ẹ mu."

Ta ni yóò sọ fún Bàbá? Ọkọ mi ní ẹnu òun ò gbà á. Ni mo bá kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun o, àmọ́ omi yìí ló ń pa wọ́n."

Bàbá ní, "Ìyá Fàwásì, mo máa ń rí ẹ níbẹ̀ láràárọ̀ tí o ń nu ojú. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí ẹkún yẹn. Mo ní kí n ṣáà bá ẹ fún wọn lómi."

Háà! Mo ti rò pé kò sẹ́ni tó rí mi nínú ilé yẹn.

Bíríkìlà ni Bàbá tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn wá, wọ́n gbé ebè náà ga kí omi lè máa ráyè jò lọ. Mo gé ibi tó jẹrà kúrò lára méjì tó kù, mo fi wọ́n síbòòji títí ojú ọgbẹ́ wọn fi gbẹ, mo tún wọn gbìn. Bàbá gbé búta wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá báyìí.

Auntie Esi ńkọ́? Mo gbé waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà àwọn ará Gánà, lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ẹjọ́ ò tíì parí, torí kò sí ẹyin lórí ẹ̀!

Àwọn méjèèjì ti ń rú báyìí, Alhamdulillahi. Èmi náà ti ń fúyẹ́. Tí ẹkún bá tún dé, mi ò fi pamọ́ mọ́, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ń lọ jókòó sí.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ẹnu yín. Àwọn tó fẹ́ràn wa ń rí wa, wọn ò kàn mọ ohun tí a nílò ni. Ta ló ti fi ìfẹ́ ba nǹkan yín jẹ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ rẹ́rìn-ín, ká sì jọ dúpẹ́!