Àwọn Abọ́ Aláró Ara Ògiri ní Pearland

Agogo ìjọ wa kò tíì lù fún àdúrà òwúrọ̀ nígbà tí èmi àti Ìyá Akin kúrò ní Iléṣà, tí a kọrí sí Èkó láti wọ ọkọ̀ òfurufú. Akin, àkọ́bí wa, ti gbéyàwó nílẹ̀ Amẹ́ríkà, inú fọ́tò nìkan ni a sì ti mọ Bùnmi, ọmọ tí ó fẹ́. A kọjá Ìbàdàn. Ìyá Akin yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Akin, bí ọmọ yìí kò bá fẹ́ràn mi ńkọ́?"

Mo ní kí ó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Oore-ọ̀fẹ́ gbé wa dé Houston. Ooru ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Èkó. Akin fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa gba fíríwéè, ìyẹn títì gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ kì í dúró lórí rẹ̀, ó sì tó wákàtí kan kí a tó dé Pearland níbi tí ilé wọn wà. Ní gbogbo ọ̀nà náà, n kò rí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn tí a lè kí pé ó kú iṣẹ́.

Bùnmi kúnlẹ̀ kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí a wọ pálọ̀, ẹnu yà mí. Abọ́ tánganran funfun ni ó kún ara ògiri, bí ẹni pé aró àdìrẹ ni wọ́n fi ya ẹyẹ, afárá àti igi sí ojú wọn. Wáyà ni wọ́n fi gbé wọn kọ́. Ìkòkò olómorí méjì tí ó bá wọn mu tún wà lórí ibi ìdáná kan tí wọ́n mọ sínú pálọ̀. Akin ní àwọn kò dáná níbẹ̀ rí.

"Ṣé ẹ ń sá wọn sóòrùn ni?" Ìyá Akin bèèrè.

Bùnmi rẹ́rìn-ín. "Ọ̀ṣọ́ ilé ni, mà."

"Ọ̀ṣọ́! Abọ́ tí kò gbé oúnjẹ rí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí abọ́ sinmi," Akin dáhùn.

Lọ́dọ̀ wa, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni abọ́ tó dára jù máa ń wà. Ìgbà tí àlejò bá dé ni a máa ń gbé e jáde. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ìjọ Akin wá kí wa káàbọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí Ìyá Akin rí abọ́ oníbébà lórí tábìlì, ara rẹ̀ kò gbà á. Bùnmi ti jáde lọ ra yìnyín.

"Bébà ni a óò fi bu oúnjẹ fún ìyàwó pásítọ̀? Kì í ṣe lójú tèmi!"

Kí n tó dá a lẹ́kun, ó ti gun àpótí, ó sọ abọ́ mélòó kan kalẹ̀, ó fọ̀ wọ́n, ó sì bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ gbígbóná sí wọn. Ìyàwó pásítọ̀ gba tirẹ̀, ó gbàdúrà, ó mú ṣíbí. Abọ́ náà là sí méjì bí awẹ́ obì. Ọbẹ̀ dà sórí léèsì rẹ̀, ó dà sórí rọ́ọ̀gì. Níbi tí abọ́ ti là, gọ́ọ̀mù tó ti pọ́n hàn rekete.

Àsìkò náà ni Bùnmi wọlé pẹ̀lú àpò yìnyín. Ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀, ó yíjú sí ìyàwó pásítọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Fífọ́ ni gbogbo wọn. Èmi ni mo lẹ̀ wọ́n."

Ó wọ yàrá lọ.

"Ẹ má dààmú o," ni ìyàwó pásítọ̀ wí bí ó ti ń nu aṣọ rẹ̀. "Ọbẹ̀ tó dùn tó báyìí, abọ́ wo ni kò ní lanu?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Akin kò lè rín.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Akin ṣàlàyé. Ilé náà ṣófo nígbà tí wọ́n kó dé ibẹ̀. Bùnmi rí ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Baytown tí ó ń ta àfọ́kù tánganran, páálí kan ní dọ́là méjì, tí kò tó náírà méjì láyé ìgbà tí náírà ṣì ju dọ́là lọ. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò jókòó, yóò máa to orí ẹyẹ mọ́ ìyẹ́, afárá mọ́ omi.

"Nítorí yín ni," Akin ní. "Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ wá bá ògiri lásán."

Ìyá Akin dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá. "Ọmọ mi, mo ṣìṣe. Ilé rẹ ni, mi ò sì bèèrè." Ilẹ̀kùn náà kò ṣí. Mo gbàdúrà sínú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Akin tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó kó àwọn àfọ́kù síwájú, ó sì ń fi gọ́ọ̀mù kun ọwọ́ ara rẹ̀. Bùnmi yọjú, ó dúró wò ó díẹ̀, ó fa àga.

"Kì í ṣe báyẹn, Màmá. Ẹ fún un pọ̀, ẹ má tètè fi sílẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ọwọ́ á fi máa ro yín."

Àwọn méjèèjì dì í mú. Èmi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọlọ́run mú wa padà sí Iléṣà ní àlàáfíà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí àlejò bèèrè ohun tí nǹkan jẹ́ fún onílé kí ó tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ará ilé yí wa ká, wọ́n ń retí ìròyìn ilé gogoro, wọ́n bi Ìyá Akin pé kí ni ó rí lọ́hùn-ún.

"Ọmọ mi obìnrin," ni ó fi dá wọn lóhùn.