Ẹni Tó Ń Ṣílẹ̀kùn Ilé Ìwé Tannery Fork

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Pennsylvania tó fún ilé ìwé wa ní owó ìrànwọ́ ààbò, òkúta kan ni wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn iwájú dúró kó má baà padé. Lorraine Kovalchik ló gbé òkúta náà jù sẹ́yìnkùlé fúnra rẹ̀. Òun ni akọ̀wé tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo àwa tí a kàwé níbẹ̀, ó ti nu imú wa rí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ìwé ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, òun ló dìde nípàdé, tó ní kí wọ́n kọ̀wé béèrè owó náà kí oníbọn kan tó wọlé pa ọmọ ẹnì kan.

Owó dé. Wọ́n fi ilẹ̀kùn gíláàsì méjì tó nípọn síbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n so kámẹ́rà mọ́ òkè, wọ́n sì kan bọ́tìnì méjì mọ́ tábìlì Lorraine. Aláwọ̀ ewé ń ṣílẹ̀kùn. Pupa ń ti gbogbo ilé pa, ó sì ń pe ọlọ́pàá. Ọkùnrin tí ìpínlẹ̀ rán wá kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá dé fi káàdì ìdánimọ̀ han kámẹ́rà. Bí wọ́n bá rí ìbọn, kí wọ́n má béèrè ohunkóhun, kí wọ́n tẹ pupa.

Lorraine ní, "Bó bá jẹ́ ọmọ mi ńkọ́?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, mà," ni ọkùnrin náà wí. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ta ló fẹ́ máa béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ dàgbà? Bí Butch Yoder tó ń tún páìpù ṣe bá dé, á kàn gbé ojú sókè sí kámẹ́rà. "Lorraine, wò ó dáadáa. Ojú tó o kọ̀ láti fẹ́ nìyí."

"Mo rí i. Ìdí tí mo fi sá náà nìyẹn." Á sì tẹ aláwọ̀ ewé.

Lọ́jọ́ kan, Butch di ilẹ̀kùn mú fún àlejò kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa níbí ṣe máa ń ṣe. Àlejò náà, tó wọlé láìfi káàdì hàn, ni ìpínlẹ̀ rán wá yẹ ilé ìwé wò. Wọ́n ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, ìyókù owó ò ní wá, Lorraine náà ò sì ní jókòó sídìí bọ́tìnì mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba káàdì lọ́wọ́ Butch.

Denny ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Maisie, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tó ń kàwé nílé ìwé wa, tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Ìyá ọmọ ti kó lọ sí Ohio. Ilé iṣẹ́ pákó tí Denny ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, ọ̀rọ̀ sì ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì dì, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Mọ́mì, ó ń ṣe mí bíi kí gbogbo ẹ̀ kàn parí."

"Kí ni gbogbo ẹ̀?"

"Ẹ má dá mi lóhùn." Ó dìde lọ nu ìbọn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú.

Ọjọ́ kejì ni ọdẹ àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í ṣílé ìwé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n yìnyín tó ń dínà ti jẹ gbogbo ìsinmi ọdún yẹn tán, wọ́n sì ní láti ṣí i. Kó tó di ọ̀sán, àyà Maisie bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Oògùn rẹ̀ tí wọ́n máa ń fọ́n sẹ́nu ti tán nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìwé. Lorraine tẹ Denny láago níbi tó ti ń dọdẹ nínú igbó.

"Òmíràn wà nínú ọkọ̀ mi," ni Denny wí.

"Gbé e wá. Má dúró níbì kankan."

Kò dúró. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n, oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbọn sì wà léjìká. Bí fìlà ni ìbọn rí lára ọkùnrin níbí lọ́jọ́ ọdẹ. Kì í rántí pé ó wà lára òun.

"Denny, ìbọn."

"Mọ́mì, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Gbé e padà sínú ọkọ̀ ná."

"Ọmọ ò lè mí, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìbọn. Ẹ ṣí i." Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu gíláàsì.

Lorraine wo ojú náà nínú kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ tí Denny sọ nídìí oúnjẹ padà wá sí i létí. Ó tẹ pupa.

Gbogbo ilẹ̀kùn tì. Àwọn olùkọ́ pa iná, wọ́n kó àwọn ọmọ sábẹ́ tábìlì, Maisie sì wà láàárín wọn, ó ń wá èémí. Kò sẹ́ni tó lè gbé e jáde. Níta, Denny rí iná pupa tó ń ṣẹ́jú, ó sì wo èjìká ara rẹ̀. Ó rọra gbé ìbọn sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀ nínú yìnyín, ó na ọwọ́ tó fi mú oògùn síwájú. Ọlọ́pàá tó wá fi orúnkún tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti bá a jókòó ní kíláàsì kan náà rí.

"Gbà á," ni Denny ń wí. "Gbà á, lọ fún un."

Ọlọ́pàá náà kọ́kọ́ fẹsẹ̀ gbá oògùn náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó wá ṣà á nílẹ̀.

Maisie ò kú. Ó pẹ́ nílé ìwòsàn, títí Kérésì fi kù díẹ̀. Kò sí ọta nínú ìbọn náà, ṣùgbọ́n òfin ò béèrè ìyẹn. Wọn ò sọ Denny sẹ́wọ̀n. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ilé ìwé. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ fún Lorraine. Ìyókù owó wá.

Denny mú ọmọ rẹ̀ kó lọ sí yàrá kan lókè ilé ìfọṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló padà wá jókòó ní ilé ìdáná ìyá rẹ̀.

"Ẹ rò pé mo lè ṣe é?"

Lorraine bu kọfí fún un. Denny dúró títí kọfí fi tutù, ó sì mú fìlà rẹ̀.

Òun ló ṣì ń wá mú Maisie lọ́sọ̀ọ̀sán. Á dúró síta, á gbé káàdì sókè, kò ní wo kámẹ́rà.

"Orúkọ yín?" ni Lorraine á bi í, bó ṣe ń bi gbogbo ènìyàn.

"Dennis Kovalchik."

"Ta lẹ wá mú?"

"Maisie Kovalchik."

"Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Bàbá ẹ̀."

Á tẹ aláwọ̀ ewé, ọmọ á jáde.